Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Eré Ọlọ́pàá Amẹ́ríkà Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Bá Kan Àwọ̀ Ara

Àṣìṣe tó burú jù lọ nínú eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ni kí ó jẹ́ ojú ọlọ́pàá nìkan ni òǹwòran yóò fi wo gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí èyí ti bẹ̀rẹ̀, nítorí nígbà tí Dragnet bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní ọdún 1951, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Los Angeles ló ń yẹ ìwé eré náà wò kí wọ́n tó ṣe é. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òǹkọ̀wé tí kò bá jẹ́ kí á mọ ilé afurasí aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ń dúró dè é níbẹ̀ ti dá ẹjọ́ rẹ̀ kí adájọ́ tó jókòó.

Ẹ má ṣe sọ ìlùkulù di iṣẹ́ akin. Nínú NYPD Blue, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Andy Sipowicz á ti ilẹ̀kùn, á lu afurasí, onítọ̀hún á sì jẹ́wọ́. Nítorí pé ẹni tí wọ́n lù sábà máa ń jẹ̀bi lóòótọ́, ọkàn òǹwòran á balẹ̀, á sì gbàgbé pé láti ọdún 1966 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá tó fọ̀rọ̀ wá ẹni tó wà ní àhámọ́ lẹ́nu wò, ó gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ àti láti ní agbẹjọ́rò.

Ẹ má sì rò pé fífi aláwọ̀ dúdú ṣe ọ̀gá ti parí ọ̀rọ̀. Eré Homicide: Life on the Street mọ èyí ní ọdún 1994: ọ̀gá ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú fẹ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Frank Pembleton, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, wá ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá tí wọn yóò di ẹ̀bi ikú kan tó jọ pé ọlọ́pàá ló fà á rù. Pembleton mú ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kò gbá a létí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fi yí i lọ́kàn títí tí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló fa ìwé ìjẹ́wọ́ ọ̀hún ya. Mi ò rí ìran mìíràn tó fi hàn kedere báyìí pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè ba ọwọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́, àwọ̀ yòówù kí ó ní.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí apá kan ṣoṣo nínú eré, kí gbogbo rẹ̀ sì padà sí bó ṣe wà lọ́sẹ̀ kejì. The Wire kò ṣe bẹ́ẹ̀: ní sáà kẹrin rẹ̀, lọ́dún 2006, ó tẹ̀lé ọmọkùnrin mẹ́rin ní iléèwé kan ní Baltimore láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró lójú pópó, a ti mọ orúkọ wọn.