Kí Ìyá Ọmọ Tó Padà Sẹ́nu Iṣẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Eyín, Oorun àti Ọmú

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwọn òbí ń ṣe lórí ọmọ ọwọ́, ìkánjú ló ń bí èyí tó pọ̀ jù. Ìsinmi ìbímọ ku ọ̀sẹ̀ kan kó parí, ọ̀gá ti ń pè lórí fóònù, ni ìyá ọmọ bá fẹ́ kí ohun gbogbo ṣẹlẹ̀ pọ̀: kí ọmọ sùn mọ́jú, kó mu fídà, kó lá ògì, kó gbàgbé ọmú, kó sì mọ́ra pẹ̀lú ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni màmá òun ń wọṣẹ́ kò ní ju igbe lọ. Ọ̀nà àbùjá tí àwọn àgbà ń wá láti fi dá igbe yẹn dúró ló sábà máa ń kó ọmọ sí wàhálà.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ìyá nìkan. Ọ̀sẹ̀ 12 ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà là kalẹ̀, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù mẹ́fà láti ọdún 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni lè máa palẹ̀ mọ́ fún iṣẹ́ nígbà tí ọmọ kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ eyín sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má di gbogbo àìsàn ru eyín

Ọmọ oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́, ó ń jẹ ọwọ́, gbogbo ará ilé ní eyín ti dé. Eyín kò tíì dé. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì tíì mọ bí a ṣe ń gbé e mì dáadáa. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni eyín àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ń yọ. Ti àwọn kan ń yọ ní oṣù mẹ́rin, ti àwọn mìíràn ń pẹ́ tó ọdún kan, kò sì sí àbùkù nínú ẹyọ kan. Ogún ni eyín wàrà, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí gbogbo rẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá gbà pé eyín ló ń fa ibà àti ìgbẹ́ gbuuru yóò máa rí eyín dá lẹ́bi fún ọdún méjì ààbọ̀ gbáko.

Ohun tí eyín ń ṣe kò pọ̀. Erìgì yóò wú díẹ̀, ọmọ yóò máa kanra, yóò máa gé ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ, ara rẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Eyín kì í mú kí ara ọmọ gbóná dé ìwọ̀n 38 lórí tẹmómítà. Eyín kì í fa ìgbẹ́ olómi, kì í fa èébì, kì í sì í fa gìrì. Ó yé mi ìdí tí àwọn ìyá wa fi so wọ́n pọ̀, nítorí pé wọ́n jọ ń dé ni. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún ti ń rẹlẹ̀. Ìgbà yẹn náà ló ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó àti bí a ṣe ń rá kòrò, tó ń ki gbogbo ohun tó bá he nílẹ̀ bọ ẹnu, tí oúnjẹ tuntun sì ń wọlé. Àìsàn gba ẹnu wọlé, eyín wà nítòsí, wọ́n mú eyín.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti pè é ní eyín kò ní lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa yìí, ibà lè sọ ọmọ tó ń ṣeré ní àárọ̀ di ẹni tí kò lè gbé orí sókè ní alẹ́. Bí ara bá gbóná, àyẹ̀wò ló kàn, kì í ṣe àbá. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ọsibítù. Bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà inú páálí tí wọ́n ń pò mọ́ omi) àti zinc ni. Zinc náà fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ẹ má dá a dúró nítorí pé ìgbẹ́ ti dá, kí ọmú má sì dúró. Bí àwùjẹ̀ bá jìn wọnú, bí ojú bá rì, tí ìtọ̀ kò sì wá, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.

Òògùn eyín ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù. Ní ọdún 2008, òògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn òbí ń rà fún ọmọ tó ń hu eyín, pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Kẹ́míkà kan tó yẹ kó wà nínú omi tí wọ́n fi ń mú ẹ̀rọ mọ́tò tutù ló bọ́ sínú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́. Ohun tí àwọn òbí kọ́kọ́ rí ni pé ọmọ kò tọ̀ mọ́. Àwọn òbí wọ̀nyẹn kò ṣe àìbìkítà o. Wọ́n ra òògùn fún ohun tí kì í ṣe àìsàn rárá.

Jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa erìgì kó lè kú tipiri náà kò dára. Bí ẹ bá rí benzocaine lára páálí rẹ̀, ẹ dá a padà: ní ọdún 2018 ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, nítorí pé ó lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé atẹ́gùn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kìlọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tí wọ́n ń tà fún eyín. Ó ń fún ọmọ lọ́rùn, ó sì lè já kó há a lọ́fun. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ìka ra erìgì náà. Aṣọ kékeré tó mọ́, tí ẹ rẹ sínú omi, tí ẹ gbé sí fíríìjì kó tutù (kó má di yìnyín), yóò ṣe é lóore. Bí ara bá ń ro ó gan-an, parasítámọ̀ tí wọ́n fi ìwúwo ọmọ wọ̀n ti tó.

Ẹ má ra oorun ní kẹ́míìsì

A máa ń sọ pé ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ẹni tó pa òwe yẹn kò bá ọmọ oṣù mẹ́rin gbé. Ọ̀sán ni ọ̀gbẹ́ni fi ń sun tirẹ̀. Aago méjì òru ni yóò jí, tí ojú rẹ̀ yóò sì máa dán.

Ní oṣù mẹ́rin yìí, oorun ọmọ ń yí padà, ó ń jí lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn sì máa ń bá ìgbà tí ìyá padà síṣẹ́ mu. Ohun kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí: ọmọ tí kò rí ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ lè má mu tó ní ọ̀sán, kó wá fi òru gba gbèsè rẹ̀. Kì í ṣe ìkẹ́ ló bà á jẹ́. Ẹ fún un lọ́mú kí ẹ tó jáde, ẹ tún fún un bí ẹ bá ṣe ń bọ́ bàtà, kí ẹ sì ṣètò òru bí ẹni tó mọ̀ pé yóò jí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fún ọmọ ní òògùn ikọ́ tàbí Piriton tàbí Phenergan kó lè kun ún lóorun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Irú Phenergan yẹn lè dá mímí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì dúró. Bí ẹ bá sì gba ọmọ-ọ̀dọ̀ sílé, ẹ sọ ọ́ fún un ní gbangba, nítorí pé ẹni tí igbe ti sú lè ronú rẹ̀.

Ìrọ̀rí tí wọ́n fi ń tún orí ọmọ ṣe, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, àti kí ọmọ dojú bolẹ̀ sùn: ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni àwọn ìyá àgbà ń sọ pé ọmọ tó dojú bolẹ̀ ń sùn fọnfọn. Ewu rẹ̀ gan-an nìyẹn, torí ọmọ tó sùn jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jí bí mímí bá nira fún un. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í polongo ní 1991 pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1994, ikú òjijì lójú oorun sì wálẹ̀ gan-an ní ibẹ̀ méjèèjì. Màmá tó bá wọkọ̀ òfurufú lọ sí London lọ wẹ ọmọ, tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì bá a fa ọ̀rọ̀ yìí, kó gbọ́ ti nọ́ọ̀sì.

Ẹ má sùn lọ lórí àga tìmùtìmù pẹ̀lú ọmọ láyà. Ó léwu ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Bí ẹ bá ń tan jẹnẹrétọ̀, kó jìnnà sí fèrèsé ibi tí ọmọ wà, nítorí èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní òórùn tí ẹni tó ń sùn yóò gbọ́.

Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ nítorí ọ́fíìsì

Ọ̀pọ̀ ló ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú iṣẹ́ "kó lè mọ́ ọn lára." Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ọmú pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì lè ṣe é. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fún ìyá tó ń tọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárín àkókò iṣẹ́. Ẹ bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó padà wọlé, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmú bá kún tó ń jò sí bùláòsì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà ọmú sínú ike ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹlòmíràn sì máa fi kọ́ọ̀bù kékeré fún ọmọ mu; ó rọrùn láti fọ̀ ju fídà lọ. Wákàtí mẹ́rin ni wàrà ọmú lè lò níta níbi tí kò gbóná kọjá ìwọ̀n 25. Èkó ní oṣù kẹta kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹ tètè gbé e sí ibi tútù. Nínú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọjọ́ mẹ́rin. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má gbọ́kàn lé mẹ́rin. Píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi nínú kúlà kékeré yóò gbé e láti ọ́fíìsì délé láìbàjẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n fi yọ́ ọ, kí wọ́n má gbé e sórí iná.

Ẹni tí ọmú kò ṣeé ṣe fún tó bá ń lo mílíìkì ọmọ, kó má ṣe bomi là á torí owó. Ṣíbí inú agolo náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i lára. Bí omi bá ti pọ̀ jù, ikùn yóò yó, ara ò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Nígbà tí àkókò àti já ọmọ bá tó, ẹ jẹ́ kó lọ díẹ̀díẹ̀: ẹ yọ ìgbà kan kúrò, kí ọjọ́ mélòó kan kọjá, kí ẹ tó yọ òmíràn. Fífi ewúro pa ọmú, tàbí kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní òjijì, ń dá ọmọ lóró, ó sì ń dá ìyá lóró: ọmú yóò le bí òkúta, ó lè gba àrùn, kí ibà sì gbé ìyá dálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó padà síṣẹ́.

Ògì lásán kò tó

Ṣáájú oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí "ìwọ̀nba díẹ̀." Omi wà nínú ọmú. Oyin ń kọ́? Ní ọjọ́ ìkómọ, ẹ gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ̀yin òbí lá a, àmọ́ kó má kan ẹnu ọmọ títí yóò fi pé ọdún kan, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń sọ iṣan ọmọ kékeré di aláìlágbára.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ògì ṣíṣàn tó ń kán tótó láti orí ṣíbí kò ní ohun tí ọmọ ń wá. Ẹ jẹ́ kó ki, kí ẹ fi edé lílọ̀ tàbí ẹ̀pà lílọ̀ kún un, kí epo pupa díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹyin, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ dáadáa, ẹ̀dọ̀ tí ẹ lọ̀ kúnná: ìgbà yìí ni irin ara tí ọmọ gbé wá láti inú oyún ń tán lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lóòjọ́ ti tó títí di oṣù mẹ́jọ, kó wá di mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹ má rọ ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n rọ, a sì wà láàyè. Ọmọ tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ lórí itan, tí wọ́n dí nímú, tí wọ́n ń da ògì sí lẹ́nu bó ṣe ń ké, lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, irú rẹ̀ sì ń dé ọsibítù.

Ẹni tí ẹ fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ rí ẹni náà. Kó wá sílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó máa gbé e, kó máa fún un mu nígbà tí ẹ wà ní yàrá kejì. Bí ó bá jẹ́ ilé ìtọ́jú ọmọ, ẹ lọ wò ó ní aago méjì ọ̀sán láìsọ fún wọn, kì í ṣe ní àárọ̀ tí gbogbo ibẹ̀ ṣì mọ́. Ẹ wo bí àwọn ọmọ ṣe sùn, ẹ ka iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà tó ń jẹun, òògùn tí wọn kò gbọ́dọ̀ fún un (gbogbo òògùn ni, àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i), ọsibítù tó sún mọ́ jù, owó ọkọ̀ dé ibẹ̀. Nọ́ńbà bàbá ọmọ ni kó kọ́kọ́ wà lórí ìwé náà, torí ìyá lè wà nínú ìpàdé, kò sì sí òfin tó ní ìyá nìkan ni wọ́n lè pè bí ara ọmọ bá gbóná.