Àpótí Ẹgbẹ́ Fún Àgbẹ̀ Kòkó: Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Yá Ara Yín Lówó

Ẹ̀yin àgbẹ̀ abúlé kòkó tó yí Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó ká, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ mọ èsúsú: gbogbo ẹgbẹ́ á dá owó, ẹnì kan á kó o. Ó dára, àmọ́ bí òjò oṣù kẹfà bá ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi, ẹni tí kò tíì kan kò ní rí owó oògùn. Ìgbà yẹn ni olówó èlé ń wọlé, tí yóò sì ra kòkó orí igi lówó pọ́ọ́kú. Àpótí ẹgbẹ́ wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger ti ń lo irú rẹ̀ láti 1991. Owó tí wọ́n dá jọ ni wọ́n ń yá ara wọn.

Ọjọ́ tí ẹ máa pín gbogbo owó àpótí padà fún ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Gbogbo gbèsè gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹ tó pín, nítorí náà ẹ má fi í sí oṣù kẹjọ tí ọwọ́ gbẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá, nígbà tí owó kòkó ṣì wà lọ́wọ́. Ìparí oṣù keje ni kí ẹ yáni lówó mọ. Oṣù mẹ́ta péré ni gbèsè ń lò, yóò sì parí ní ìparí oṣù kẹwàá, tí kòkó tuntun ti ń lọ sórí ìwọ̀n. Ẹ pín in ní àárín oṣù kọkànlá.

Èèyàn 15 sí 25 ti tó. Ìpín ni ẹ ó máa rà láti dá owó sínú àpótí; ìpín kan lè jẹ́ ₦500. Kí ẹnikẹ́ni má rà ju márùn-ún lọ ní ìpàdé kan, kí ẹni tó lówó jù má baà sọ àpótí di tirẹ̀. Ẹ lu òǹtẹ̀ kan sínú ìwé fún ìpín kọ̀ọ̀kan; ẹni tí kò kàwé náà á lè ka tirẹ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe àpótí onírin olójú àgádágodo mẹ́ta. Kí àwọn mẹ́ta tó ń mú kọ́kọ́rọ́ wá láti agbo ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àpótí má sì sùn sílé ìkankan nínú wọn. Oṣù kìíní àti ìkejì, ẹni tó ń yáwó kì í pọ̀, àpótí á wúwo, olè á sì gbọ́. Ẹ kó àjẹkù lọ sí báǹkì, kí ó jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i.

Ẹni tó ti fi ₦20,000 pamọ́ kò gbọdọ̀ yá ju ₦60,000 lọ. Bí èlé bá jẹ́ ₦5 lórí ₦100 lóṣù, ₦3,000 ni yóò máa san lóṣù, inú àpótí yín náà ló ń padà sí. Ẹ má yá ará ìta. Gbèsè alága ló sì ń tú ẹgbẹ́ ká jù: bí kò bá san tirẹ̀, ta ni yóò lẹ́nu láti bi ẹlòmíràn? Kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ yá kẹ́yìn, kí wọ́n sì san ṣáájú.

Lọ́jọ́ ìpínwó, ẹ ka gbogbo òǹtẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2,400, tí owó àpótí sì jẹ́ ₦1,440,000, ìpín kan ti di ₦600. Ẹni tó ní òǹtẹ̀ 150, tó san ₦75,000, yóò gba ₦90,000. Kí ó tó gba owó, ẹ fi báírò pupa fa ìlà sórí gbogbo òǹtẹ̀ inú ìwé rẹ̀, kí ó má baà tún gbé e wá.