Bí A Ṣe Ń Yẹ Ọ́ìlì Gíà Ọ́tò Wò Lára Bẹ́ńsì Àtijọ́

Kì í ṣe àìda ọ́ìlì sí i ló ń ba gíà ọ́tò àtijọ́ jẹ́ jù, àṣìwò ni. Ẹlòmíì á pa ẹ́ńjìnì kó tó fa géèjì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì gíà. Ọ́ìlì inú kọnfátà, ohun tó so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ gíà, á ti ṣàn padà sínú àwo ìsàlẹ̀, géèjì á ní ó kún, bẹ́ẹ̀ kò kún. Ẹlòmíì á tan ẹ́ńjìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtù ni, ọ́ìlì ṣì tutù. Á bá a nísàlẹ̀ àmì tó wà nísàlẹ̀ nínú méjì ara géèjì, á sáré da ọ́ìlì sí i. Tó bá wá gbóná, ọ́ìlì á wú kọjá ààyè rẹ̀.

Bẹ́ńsì W123 tí wọ́n gbé jáde fáráyé ní 1976 ni mo ń bá wí níbí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn bá a mu, àmọ́ ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín: Honda ayé 1990 fẹ́ kí ẹ gbé e gbóná, kí ẹ wá pa ẹ́ńjìnì kí ẹ tó wò ó. Chrysler àtijọ́ ní tirẹ̀ fẹ́ kí gíà wà ní N.

Ẹ wá ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíà ọ́tò, tí wọ́n kọ Dexron sí lára, tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já, àrọ ọlọ́rùn gígùn, àti àkísà funfun tí kì í yọ òwú. Ẹ má fojú kéré àkísà yẹn o. Tówẹ̀lì àti tíṣù máa ń fi fọ́nrán sára géèjì, ihò inú gíà sì tín-ín-rín. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó ni mo máa ń gé. Ẹni tí kò bá rí àrọ tó bá ihò géèjì mu lè ra rọ́bà dríìpù tuntun ní kẹ́mísì, kó kì í bọ ẹnu àrọ lásán.

Ilẹ̀ títẹ́jú ni ìṣòro àwa ará Èkìtì. Iwájú ilé púpọ̀ l'Adó ló dagẹ̀rẹ̀ sí gọ́tà, ká má tíì wá sọ ti Ẹ̀fọ̀n. Ẹ mú ìgò oníke tí omi kù díẹ̀ kó kún, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dúró sáàárín, ilẹ̀ tẹ́. Ẹ yí i padà síbùú kí ẹ tún wò ó. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn ló rọ̀ mí lọ́rùn jù.

Ẹ wa ọkọ̀ náà kó gbóná dáadáa. Kí ẹ́ńjìnì kàn máa dún lójú kan kò tó, gíà kì í tètè gbóná bẹ́ẹ̀. Láti Ìkẹ́rẹ́ wá sí Adó dára. Ìgbà tí ọ́ìlì bá tó 80°C ni àmì ara géèjì jẹ́ òótọ́. Ìka ni ìwọ̀n tèmi: bí ẹ bá lè di ìdí géèjì mú pẹ́ tí kò jó yín, ẹ padà sí títì.

Ẹ fa háńdíbíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbé gíà lọ sí ipò gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá a padà sí P. Ẹ má pa ẹ́ńjìnì o! Ẹ ká apá aṣọ yín, fáànù ń yí níwájú yín. Ẹ fa géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé débi tó lè dé, kí ẹ tún fà á. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀. Ara ihò lè kun ẹ̀gbẹ́ kan ga, nítorí náà èyí tó rẹlẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ ṣe é títí yóò fi sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Bó bá wà láàárín àmì méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀. Ààyè tó wà láàárín wọn kò ju bíi lítà 0.3 lọ, ìgò mínírà 35cl kan ti jù ú. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ife tíì kékeré wọn ọ́ìlì, díẹ̀díẹ̀, gba ihò géèjì yẹn náà, tí màá sì tún un wò lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan. Mẹkáníìkì tó bá da odidi ike kan sí i láìwò, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kún jù, irin tó ń yí nínú gíà á lu ọ́ìlì di ìfófòó, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, gíà á máa yọ̀, á sì gbóná jù. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní yóò jó tán fúnra rẹ̀. Sírínjì ńlá àti rọ́bà dríìpù ni kí ẹ fi fà á jáde.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ lórí àkísà. Pupa ló dára. Bó bá ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jó, gíà ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Bó bá rí bíi zobo tí wọ́n da mílíìkì sí, omi rédíétọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ẹ fa ọkọ̀ náà lọ sílé mẹkáníìkì, ẹ má wà á.

Bí ọ́ìlì bá ń dín tí kò sì jò sílẹ̀, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn, ẹ má tíì ra gíà míì. Ẹ yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ẹ́ńjìnì lọ sí ara modulator, ohun kékeré ẹ̀gbẹ́ gíà tó ń fi afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà darí gíà. Bí ọ́ìlì pupa bá wà nínú rẹ̀, awọ inú modulator ti ya, ẹ́ńjìnì ló ń fa ọ́ìlì yẹn mu. Òun nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.