Bí a ṣe ń tún kòtò òkúta wẹ́wẹ́ tó ti di adágún ṣe

Kòtò tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn inú rẹ̀ tán, tí omi wá gbà, kò ṣọ̀wọ́n ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Jíjìn nìkan kọ́ ló ń mú wọn pa èèyàn. Etí wọn ló burú jù. Ọmọ tó bá yọ̀ ṣubú sínú kòtò tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán kò ní rí ibi tẹ ẹsẹ̀ lé, erùpẹ̀ tó bá sì gbá mú á tún máa já lé e lórí ni. Nítorí náà, bí owó ọwọ́ yín ò bá tó nǹkan, etí kòtò ni kí ẹ ná an sí kí ẹ tó ronú kan ẹja tàbí igi.

Iṣẹ́ yìí dùn ún ṣe nígbà tí excavator àti katakata ṣì wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó ẹ̀rọ lọ, owó àtigbé wọn padà nìkan lè pa iṣẹ́ náà. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 ti di títún ilẹ̀ ṣe ru ẹni tó gba ìwé àṣẹ. Kí ẹbí onílẹ̀ àti baálẹ̀ béèrè ìwé ètò àtúnṣe náà, kí wọ́n má sì gbà pé iṣẹ́ ti parí títí etí kòtò á fi rí bí a ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wọn omi

Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ ta kókó sí okùn náà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 50. Láti inú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹ jù ú sílẹ̀ ní gbogbo mítà 10, kí ẹ sì kọ iye kókó tó wọlé sílẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ní oṣù kẹta, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹwàá. Omi abẹ́ ilẹ̀ ló wà nínú kòtò òkúta wẹ́wẹ́, òun àti omi kànga ìtòsí ló sì jọ máa ń lọ sókè sódò. Etí tó dára lẹ́ẹ̀rùn lè wà lábẹ́ omi pátápátá nígbà òjò.

Títẹ́ etí kòtò

Lókè omi, kí ilẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ ní 1:3: bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 1, kí ẹ ti rìn tó mítà 3 síwájú. Ní àárín ibi tí omi ń dé lẹ́ẹ̀rùn àti ibi tó ń dé nígbà òjò, ẹ tẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán 1:6. Bí omi bá ń fi mítà 2 lọ sókè sódò, apá yìí á gba mítà 12. Níbi tí omi ẹ̀ẹ̀rùn ń dúró sí, ẹ ṣe pèpéle abẹ́ omi tó fẹ̀ tó mítà 3, tí omi orí rẹ̀ ò ní ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ lẹ́ẹ̀rùn, kí ẹni tó bá ṣubú lè dìde dúró.

Ẹ ṣírò erùpẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká mú ògiri tó ga ní mítà 6 tí ẹ fẹ́ sọ di 1:3. Bí ẹ bá gé ìdajì rẹ̀ lókè tí ẹ sì fi dí ìsàlẹ̀, ẹ máa gé wọ ilẹ̀ òkè ní mítà 9, erùpẹ̀ tí ẹ máa tì á sì jẹ́ kúbíìkì mítà 13.5 fún mítà 1 etí kòtò. Mítà 100 á jẹ́ 1,350. Ṣùgbọ́n bí awakùsà bá ti wà á dé ààlà ilẹ̀ ẹlòmíì, kò sí ohun tí ẹ lè gé mọ́. Erùpẹ̀ òde lẹ máa kó wá, kúbíìkì mítà 54 fún mítà kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po mẹ́rin gééré. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onílẹ̀ máa ṣọ́ ààlà láti ọjọ́ tí wíwà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ́ erùpẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 30, kí katakata sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí òmíì tó gorí rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí típà kàn máa da erùpẹ̀ látòkè sínú omi. Ojú rẹ̀ á gbẹ, á dà bí ilẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ tó lè gbé màlúù mì.

Bí ẹ bá ní láti fa omi, kó má lọ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ lójúmọ́. Omi tó wà nínú ògiri kì í tètè jáde bíi ti inú kòtò. Bí ti inú kòtò bá ti lọ, tí kò sí ohun tó ń ti ògiri padà mọ́, ìwúwo omi tó kù nínú ògiri á dà á wó.

Omi òjò àti ilẹ̀ òkè

Ẹ gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀yìn etí kòtò, ní nǹkan bíi mítà 3 sí i, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, kó jìn ní 40. Ojú kan ṣoṣo tí ẹ to òkúta sí ni kó ti wọ adágún. Ibi tí omi á gbà jáde náà, kó rẹlẹ̀ ju etí yòókù lọ ní sẹ̀ǹtímítà 50, kí ẹ to òkúta síbẹ̀, kó sì forí lé ojú àgbàrá tó ti wà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe oko ẹlòmíì.

Erùpẹ̀ dúdú tí wọ́n ṣí kúrò lókè kí wọ́n tó wa kòtò ni ọrọ̀ ibẹ̀. Ó yẹ kó wà lọ́tọ̀, kí òkìtì rẹ̀ má ga ju mítà 2 lọ kí ohun alààyè inú rẹ̀ má baà kú. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ padà, ẹ fi ẹ̀rọ ya ilẹ̀ tó ti le náà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50, kó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ẹ ò bá yà á, òjò ńlá kan ṣoṣo lè yọ́ gbogbo erùpẹ̀ dúdú náà sínú omi. Sẹ̀ǹtímítà 20 ló dára. Hẹ́kítà kan á gba kúbíìkì mítà 2,000. Bí kò bá tó, ẹ fi ti pẹrẹsẹ òkè sílẹ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Koríko vetiver ni ká gbìn sórí rẹ̀ bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún. Ẹ gé ewé rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 15 síra, kí ìlà kọ̀ọ̀kan dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìlà kan sì wà ní gbogbo mítà 1 tí ilẹ̀ bá fi sọ̀ kalẹ̀. Ìlà mítà 100 á gba bíi ìdì 670. Bí àlàfo bá wà láàárín ìlà, ibẹ̀ gan-an ni àgbàrá á gbà. Ẹ dí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tó lè ba omi jẹ́

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sanwó láti da ìdọ̀tí sínú kòtò náà. Òkúta wẹ́wẹ́ ò lè sẹ́ ìdọ̀tí ilé tàbí epo mọ́tò, kànga àdúgbò ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Pèpéle tó ń gba ẹ̀mí là yẹn lè gba ìgbín omi tó ń gbé àtọ̀sí ajá sílé bí koríko bá kún bò ó. Ẹ máa ro ibi tí àwọn èèyàn ń gbà sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ to òkúta síbẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ilé ìgbẹ́ sí ìtòsí tí kò ní sún mọ́ omi ju mítà 30 lọ, kí àwọn ọmọdé má baà tọ̀ sínú omi. Bí ojú-oró bá yọjú, ẹ kó o kúrò nígbà tó ṣì kéré.

Ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó da ẹja sí i. Bí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, bá kéré sí 6.5, ẹ wọ́n ẹfun oko, gíráàmù 100 sí 200 fún mítà kan níbùú lóròó. Ẹja tilápíà kan tàbí méjì fún mítà kan níbùú lóròó ti tó bí ẹ ò bá ní í fún wọn lóúnjẹ. Afẹ́fẹ́ kì í tó nísàlẹ̀ adágún jíjìn; bí ìjì bá da omi ìsàlẹ̀ sókè, ẹja á máa yanu lójú omi ní ìdájí. Ní ti kòtò tí wọ́n ti fọ góòlù, bíi ti agbègbè Ìjẹ̀ṣà, ẹ má jẹ ẹja ibẹ̀ títí wọ́n á fi yẹ omi, ẹrẹ̀ àti ẹja náà wò fún mákúrì àti òjé ní ilé àyẹ̀wò.

Lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, fún ìgbà òjò méjì, ẹ rìn yí kòtò náà ká. Bí ilẹ̀ bá sán lọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ etí, apá tó kọjú sí omi ti fẹ́ wó nìyẹn: ẹ fi okùn pààlà síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọjá, kí ẹ wo gọ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ti dí, kí ẹ sì tún apá náà tẹ́ sí i bí omi bá ti fà.