Bí Mo Ṣe Wá Àjàní Tó Lọ sí Bọ́mà

Lọ́dún tó kọjá, ìpàdé ẹbí gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. A fẹ́ tún ojú oórì àwọn àgbà ṣe ní agbo-ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, ni baálé wa bá ní, "Ìwọ tó ń tẹ fóònù tọ̀sán-tòru, wá ohun tí a máa kọ sórí ti Àjàní." Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí. Kò sí Àjàní nínú sàréè yẹn. Agbádá rẹ̀ kan àti fìlà ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà ni. Ó wọṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun Hitler, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ wọ́n wọ igbó Bọ́mà, kò sì padà. Ọ̀dọ̀ àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Mo gbé obì àti bisikíìtì síwájú wọn. Bisikíìtì ni wọ́n mú. Wọ́n ní alaalẹ́ ni ìyá àwọn máa ń bu oúnjẹ Àjàní sọ́tọ̀ sínú àwo funfun kan tí etí rẹ̀ ti bó, wọn a dé e, wọn a gbé e sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò dé, àwọn ọmọdé á pín in jẹ. "Oúnjẹ Àjàní la jẹ dàgbà," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn Bọ́mà Bọ́ì tó kù padà dé tán, tí kò sí láàrin wọn, àwọn àgbà ní kí wọ́n wá nǹkan sin. Láyé ogun àtijọ́, bí akọni bá ṣubú lókèèrè, irun orí rẹ̀ àti èékánná ni wọ́n máa ń mú wálé kí wọ́n lè ṣòkú rẹ̀. Ti Àjàní, irun ò dé, èékánná ò dé. Ni wọ́n bá sin aṣọ.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo ní kí n wo bí ìlú àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe tiwọn. Bí mo ṣe kan ibojì ọmọ ogun aláìlórúkọ nìyẹn, mi ò sì tètè kúrò níbẹ̀. Àlùfáà kan tó tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, David Railton, ló rí ojú oórì kan nínú ọgbà ilé kan lẹ́bàá Armentières ní Faransé lọ́dún 1916, nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́: àgbélébùú igi lásán, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí a kò mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ó kọ̀wé sí olórí ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì sí. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1920, wọ́n sin òkú kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ sáàrin àwọn ọba, erùpẹ̀ tí wọ́n bù wá láti Faransé ni wọ́n sì fi bò ó. Ọjọ́ yẹn náà ni Paris gbé tirẹ̀ lọ sí Arc de Triomphe.

Ti Faransé ló wọ̀ mí lára jù. Ní Verdun, wọ́n to pósí mẹ́jọ, wọ́n fún ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Auguste Thin, ẹni ọdún 21, ní òdòdó pé kó fi mú ọ̀kan. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣa òkú? Nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ni 132. Ó ro ení, ẹ̀ta àti èjì pọ̀, ó di ẹ̀fà, ló bá gbé òdòdó lé pósí kẹfà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má hàn ni, kí gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ ò wálé lè máa sọ pé tòun ni. Tiwọn, ara wà, orúkọ ò sí. Tiwa, orúkọ wà, agbádá wà.

Mo wá lọ sórí ìkànnì àjọ Commonwealth War Graves Commission, tó ti ń tọ́jú ibojì àti orúkọ àwọn ológun láti 1917. Ọ̀fẹ́ ni. Mo yan ogun àgbáyé kejì, mo yan Rangoon Memorial, ibi ìrántí tó wà ní Taukkyan ní Bọ́mà, tó ru orúkọ àwọn bí 27,000 tí kò ní ibojì. Mo tẹ "Ajani". Kò bọ́ sí i. Àjàní, oríkì ilé ni. Ta ló mọ èyí tó pè fún akọ̀wé? Ohun tó là mí lójú ni pé àwọn akọ̀wé ológun ìgbà náà sábà máa ń fi ìlú ṣe orúkọ bàbá fún èèyàn, bíi Belo Akure tó gba àmì-ẹ̀yẹ nínú ogun Kamẹrúùnù. Mo wá tẹ "Ogbomosho", pẹ̀lú h àwọn òyìnbó. Àwọn ọmọ ìlú wa jáde. Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ tiwa, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2021 pé nínú àwọn tó kú nítorí ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó kéré tán 116,000, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀. Ẹnikẹ́ni ò béèrè wọn ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ nígbà tí ọmọ bàbá mi kan dábàá "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n", ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, Rudyard Kipling, yàn fún òkúta àwọn tí wọn ò dá mọ̀. Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n.

A ti fẹ́ ṣí ojú oórì náà ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ tí Nàìjíríà ń rántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ torí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Baálé wa ní rárá: l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ tí wọ́n pa Ládòkè Akíntọ́lá ní 1966 nìyẹn, ẹnìkan ò gbọdọ̀ bá a pín in. A sún un sí Sátidé. Ó tiẹ̀ ṣe wá lóore, nítorí ọkùnrin tó ń gbẹ́ mábù ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "1945" sí i, bẹ́ẹ̀ a ò mọ ọdún tó kú. Ó ní òkúta tí kò bá ní ọdún, àwọn èèyàn á ní owó ló tán lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yìn òkúta náà la padà kọ̀wé sí; 1945 ṣì wà lábẹ́ sìmẹ́ńtì.

ÀJÀNÍ. Ó LỌ SÍ BỌ́MÀ. AṢỌ RẸ̀ LÓ WÀ NÍBÍ.

Mo kà á fún Ìyá Àgbà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n kọ ọ́ pé ó ga?" Mo ní rárá, Ìyá. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́ náà, wọ́n na ọ̀pá wọn sí àtẹ́rígbà. "Ó máa ń tẹrí ba kó tó wọlé yìí."