Bí mo ṣe tún lẹ́ǹsì Jupiter-8 ara Zorki mi ṣe

Àwòrán tí mo bá yà nínú oòrùn ọ̀sán máa ń hàn ketekete. Tí mo bá wọ inú ilé báyìí, tí mo ṣí ojú lẹ́ǹsì dé f/2 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó) kí ìmọ́lẹ̀ lè tó, wàhálà dé nìyẹn. Ẹni tó jókòó níwájú mi ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta á rí bàìbàì, kọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ á sì hàn dé orí òwú tí wọ́n fi rán an. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí lórí rangefinder, irú kámẹ́rà tó ní fèrèsé ìwòran tirẹ̀, lẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fi ẹni tó fọ fíìmù sílẹ̀.

Zorki 4 ni kámẹ́rà náà, kámẹ́rà fíìmù ti ilẹ̀ Soviet. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé e ti Mọ́sìkò bọ̀ nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀. 68 ló ṣáájú nọ́ńbà tó wà lójú lẹ́ǹsì, ìyẹn ni pé ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é ní Krasnogorsk, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ará Jámánì ló kọ́kọ́ ya ètò lẹ́ǹsì yìí, Ludwig Bertele, tó ṣe lẹ́ǹsì Sonnar fún kámẹ́rà Contax tí ilé iṣẹ́ Zeiss gbé jáde ní 1932. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn ará Soviet kó ètò náà lọ sílé tiwọn. Gíláàsì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nínú rangefinder, a kì í gba inú lẹ́ǹsì wòran. Fèrèsé kékeré tó wà lókè rẹ̀ la ń wò, a ó sì máa yí òrùka lẹ́ǹsì títí àwòrán méjì inú fèrèsé náà á fi di ọ̀kan. Irin kan nínú kámẹ́rà ló fara ti ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, òun ló ń jẹ́ kí fèrèsé mọ ibi tí òrùka yí dé. Bí gíláàsì fúnra rẹ̀ bá sún kúrò ní àyè rẹ̀, irin yẹn kò lè mọ̀. Fèrèsé á ní ó ti tó, fíìmù á ní kò tíì tó.

Ìsún tó ń da nǹkan rú yìí kéré gan-an. Àwọn oníṣẹ́ lẹ́ǹsì gbà pé àmì tó fẹ̀ tó 0.03 mìlímítà lórí fíìmù ṣì lè jọ èyí tó mú lójú wa. Ẹ fi nọ́ńbà f sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí àyè tí lẹ́ǹsì ní láti ṣìnà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ní f/2, 0.06 mìlímítà péré ni. Ní f/11, irú èyí tí a ń lò nínú oòrùn, ó di 0.33. Abájọ tí oòrùn fi ń bá lẹ́ǹsì mi bo àṣírí láti ọjọ́ yìí.

Mo rò ó pé kí n kúkú ra òmíràn. Ẹnu Zorki jẹ́ oní-tíréèdì 39 mìlímítà, irú ti kámẹ́rà Leica àtijọ́, nítorí náà lẹ́ǹsì tó lè wọ̀ ọ́ pọ̀: Industar, Canon ayé àtijọ́, àní Voigtländer tuntun pàápàá. Àmọ́ owó tuntun ju ti kámẹ́rà náà lọ fíìfíì. Jupiter mìíràn láti Ukraine ńkọ́? Ẹgbẹ́ tèmi ni lọ́jọ́ orí, gíríìsì inú rẹ̀ á ti gan bákan náà, a ò tíì dárúkọ kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo pinnu láti tú tèmi.

Mo tan iná fóònù sí i láti ẹ̀yìn. Ìkùukùu wà nínú rẹ̀, fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà létí gíláàsì ẹ̀yìn. Ìbàdàn ni mo wà, ohun tó ń mú búrẹ́dì bu níbí kì í fojú fo lẹ́ǹsì. Ohun tó tún ká mi lára ni pé orí àwọn síkúrù rẹ̀ ti họ. Ẹnìkan ti ṣí i kí ó tó dé ọwọ́ mi.

Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀ ló yá mi ní síkúrùdiráfà kéékèèké àti gíláàsì tí wọ́n ń fi sójú wo inú aago. "Tí kò bá yí, má fi agbára ṣe é o," ni bàbá wí. "Kán epo sí i, kí o lọ jẹun, kí o tó padà wá." Mo ní ẹ ṣé, sà. Ìmọ̀ràn yẹn wúlò ju irinṣẹ́ náà lọ.

Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo sì ń fi fóònù ya gbogbo ohun tí mo bá tú. Mo fi awẹ́ rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ di iwájú lẹ́ǹsì mú kí ó má baà yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo yí i sósì, odindi abala tó gbé gíláàsì dání sì jáde. Ìdí rẹ̀ gan-an ni ṣímù máa ń wà, òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ilé iṣẹ́ fi wọn lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ni mo bá, ó sì ti wọ́. Inú mi ti ń sọ fún mi pé ìkejì ti bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan.

Ó ku helicoid, irin méjì oní-tíréèdì tó ń yí wọra wọn. Ojú ọ̀nà tíréèdì rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ kò bá sàmì sí ibi tí wọ́n ti já ara wọn sílẹ̀, ẹ lè dá wọn padà sí ojú ọ̀nà mìíràn, wọ́n á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́ǹsì kò sì ní dé òkèèrè mọ́ láéláé. Orí abẹ́rẹ́ ni mo fi fa ìlà sára méjèèjì. Gíríìsì inú rẹ̀ ti di ìdà. Epo láítà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti igi ìtayín ni mo fi fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun kò fi dọ̀tí mọ́. Gíríìsì lẹ́ǹsì tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi pa á, díẹ̀ bíńtín. Ẹ má gbọ́ tẹni tó ní kí ẹ lo Vaseline. Ooru inú ọkọ̀ tiwa á yọ́ ọ, á sì ṣàn lọ sórí gíláàsì.

Gíláàsì kò gba àkókò. Rọ́bà tí àwọn ìyá fi ń fa ikun imú ọmọ ni mo fi fẹ́ eruku kúrò, torí pé ohun tí wọ́n fi bo ojú lẹ́ǹsì àtijọ́ máa ń tètè họ. Hydrogen peroxide 3% láti kẹ́míìsì ló pa ohun tó bu. Ibi tí ọwọ́ lè dé náà ló mọ. Bó bá jẹ́ àárín gíláàsì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló bu, ẹ fi sílẹ̀. Epo díẹ̀ wà lára àwọn abẹ tó ń ṣí tó ń pa ojú lẹ́ǹsì dé, mi ò tú wọn. Ọwọ́ la fi ń yí wọn, kì í ṣe sípíríǹgì, epo kò dí wọn lọ́wọ́.

Ìdánwò ló kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Onígíláàsì tó ń ṣe férémù gé awẹ́ kékeré kan fún mi, mo lẹ sẹ́lótéèpù aláìdán mọ́ ọn, mo yọ ẹ̀yìn Zorki, mo sì gbé e lé ojú irin tí fíìmù ń gbà, ojú tó ní téèpù kọjú sí lẹ́ǹsì. Mo kọ́ ṣọ́tà, ìyẹn ìbòjú tó ń ṣí fún fíìmù, mo gbé e sí B, ibi tó ti ń wà ní ṣíṣí títí a ó fi jú u sílẹ̀, mo fi okùn ìtẹṣọ́tà dì í kí ó má baà padé. (Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó yí nọ́ńbà rẹ̀ o, Zorki kì í dárí ji ẹni tó bá yí i ṣáájú.) Mo dojú kọ òpó MTN tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, f/2, òrùka wà lórí àmì ∞, ìyẹn òkèèrè pátápátá. Òpó rí bàìbàì. Mo yí òrùka padà títí dé nǹkan bíi 20 mítà, ó mú.

Ìyẹn náà ló sọ bí ṣímù ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Lẹ́ǹsì 50 mìlímítà ni (focal length rẹ̀ nìyẹn), 20 mítà sì jẹ́ 20,000 mìlímítà. 50 lọ́nà 50, kí ẹ pín in sí 20,000, 0.125 mìlímítà ni. Gíláàsì ti sún mọ́ fíìmù jù. Ara agolo ọtí málítà tó nǹkan bíi 0.1 mìlímítà, mo fi sísọ́ọ̀sì gé òrùka nínú rẹ̀, mo fi yanrìn pépà pa etí rẹ̀, mo tò ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Òpó mú lórí ∞. Mo na téèpù onítélọ̀ sí mítà kan, mo fi ìwé ìròyìn ṣe àmì, fèrèsé àti gíláàsì sọ ohun kan náà. Ìgbà yẹn ni mo tó fi fíìmù sí i.

Ojú àwọn èèyàn ti wá ń mú ní f/2. Ibi tí ohun tó bu náà jẹ wọ gíláàsì ẹ̀yìn kò kúrò, iná gílóòbù sì máa ń fọ́n ká bó bá kọjú sí i, nítorí náà mo ra ìbòrí 40.5 mìlímítà sí iwájú rẹ̀. Bí tiyín bá bu láàárín gíláàsì, tí rírà ti di dandan, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan iná sí i láti ẹ̀yìn kí ó yà á, kí ẹ wo orí síkúrù rẹ̀ bóyá ó ti họ, kí ẹ sì gbé e ka orí awẹ́ gíláàsì onítéèpù kí fíìmù tó wọ kámẹ́rà.