Kí ni abàmì ẹ̀dá yìí ń wá? Bí mo ṣe ń yan ọ̀tá fún eré D&D

Alẹ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí mo darí eré Dungeons & Dragons nílé wa ní Peckham, díẹ̀ ló kù kí gbogbo akọni tó wà nínú eré kú tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Eré orí tábìlì ni: olùdarí ń sọ ìtàn, ó sì ń darí àwọn ọ̀tá, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kù ń ṣe akọni kan, dáìsì ló sì ń sọ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe á bọ́ sí i. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì ká: ìyàwó mi, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti aládùúgbò wa kan. Ìpele kìíní, ìyẹn ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ni akọni wọn wà. Goblin mẹ́fà, àwọn ẹ̀dá kúkurú tó ń jalè, ni mo fi pamọ́ sínú igbó dè wọ́n. Mo ti ṣírò pé ẹ̀mí goblin kan, ìyẹn iye ìyà tó lè jẹ kó tó ṣubú, ò ju 7 lọ, mẹ́fà jẹ́ 42, nígbà tí ogre kan ṣoṣo, òmìrán tó ń jẹ èèyàn, ní ẹ̀mí 59. Mo wá ní goblin ló máa rọrùn fún wọn.

Kí wọ́n tó mọ̀ pé ogun dé, ọfà mẹ́fà ti fò jáde. Méjì ló ba àlùfáà tí ìyàwó mi ń ṣe. Ó ṣubú kí ìyàwó mi tó fọwọ́ kan dáìsì rárá. Ó kàn wojú mi ni, kò sọ nǹkan kan.

Ìṣirò kan wà tí n kò kà dáadáa. Nínú ìwé olùdarí eré ti 2014, èyí tí mo ṣì ń lò, goblin kan jẹ́ XP 50 (XP ni iye tí ìwé fi ń wọn bí ọ̀tá ṣe le tó), mẹ́fà jẹ́ 300. Àmọ́ bí ọ̀tá bá ti pé mẹ́ta sí mẹ́fà, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń kà á, ó di 600. Fún akọni mẹ́rin ní ìpele kìíní, 400 ti di ìjà àjàkú. Ogre náà kì í ṣe ẹran ọmọdé o: kùmọ̀ rẹ̀ ń gba bí ẹ̀mí 13 lẹ́ẹ̀kan, oṣó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò lè gba irú rẹ̀ kó ṣì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ló ń lù bó bá kàn án, nígbà tí akọni mẹ́rin á lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Torí náà, iye ọwọ́ tó máa lù wọ́n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà. Goblin méjì tó fún alẹ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti di mẹ́ta, ó ti ń gbóná nìyẹn.

Láti ìgbà náà, kí n tó ṣí ìwé rárá ni mo ti ń bi ara mi pé, kí ni nǹkan yìí ń wá? Ebi ló ń pa owlbear, ẹ̀dá abara béárì olórí òwìwí. Bó bá ti rí ẹṣin kan fà lọ, kò sí ohun tó tún máa dúró ṣe. Ẹrù tó lè jí ni goblin ń wá. Bí ẹnì kejì rẹ̀ bá ti kú, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, agbára rẹ̀ sì gbà á láàyè láti ta ọfà kó tún sá pamọ́ ní àsìkò kan náà. Ẹ jẹ́ kó sá. Èyí tó sá yẹn á padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n á sì dá a mọ̀.

Ti troll, òmìrán kan tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń jinná fúnra rẹ̀, tún le. Ẹ̀mí 84 ló ní, gbogbo ìgbà tó bá kàn án ni 10 á sì padà sí i lára, àfi bí iná tàbí ásíìdì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irú èyí síwájú èèyàn láìfi àmì sílẹ̀. Ìpele kẹrin ni tiwa wà nígbà tí mo lò ó. Mo kọ́kọ́ mú wọn gba abúlé kan kọjá. Níbẹ̀, àwọn obìnrin ń ri ògùṣọ̀ mọ́lẹ̀ yí ọgbà ewúrẹ́ wọn ká nírọ̀lẹ́, apá ńlá kan tó ti jóná dé ìgbọ̀nwọ́ sì rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. N kò ṣàlàyé, mo bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Nígbà tí ìjà dé, wọ́n lu troll náà títí ó fi wó. Àbúrò mi ti nawọ́ sí abọ́ ẹ̀pà. Mo ní, “Ìka ọwọ́ rẹ̀ ń mì. Ojú ọgbẹ́ ọrùn rẹ̀ ń pa dé. Ó ti dìde sórí orúnkún kan.” Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú abọ́. Wọ́n tún lù ú, ó tún wó, wọ́n sì mọ̀ pé á tún dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló pariwo: “Bọ̀dá, ògùṣọ̀! Ògùṣọ̀ àwọn ìyá yẹn!” Ó da ìgò epo àtùpà lé e lórí, ó sì ju ògùṣọ̀ sí i. Inú mi dùn dé ẹsẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló rí i.

Ẹ kò nílò ère olówó ńlá. Ìdérí ìgò àti ọmọ ayò ni mò ń tò sórí tábìlì. Owlbear gan-an, ohun ìṣeré oníke kan tí wọ́n ṣe ní Hong Kong ni Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré yìí sílẹ̀, rí tó fi dá a sínú eré. Ẹ sì lè mú iye tó wà nínú ìwé kẹ́ ẹ fi dá ẹ̀dá tiyín. Egbére tí mò ń lò báyìí, goblin ni lórí ìwé: ẹ̀mí 7, AC 15 (iye tí ẹni tó ń lù ú gbọ́dọ̀ dé kí ọwọ́ rẹ̀ tó bà á). Ẹní ló gbé dípò idà, ẹkún ló sì ń sun. Ìyá mi máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá gba ẹní egbére á lówó. Àbúrò mi náà gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀ láti sùn nínú eré, mo máa ń sunkún jẹ́jẹ́ lábẹ́ tábìlì. Wọn ò rí oorun sùn, bẹ́ẹ̀ ọfọ̀ oṣó kì í padà láìsí oorun. Egbére yẹn ò tíì lu ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń bẹ̀rù jù.

Ìwé pélébé kan ni mò ń kọ fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan. Tirẹ̀ nìyí:

Ohun tó ń wá: ẹní rẹ̀.
Ohun tó ń bà á lẹ́rù: ojúmọ́.
Àmì tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí: ipasẹ̀ ọmọdé tó tutù, tó yí ibùsùn wọn ká.
Ibi tó ń sá sí: ìdí ìrókò, níbi tí ẹní mẹ́fà mìíràn wà.